Tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́pàá kì í sábà ní kéèyàn má di ọmọ Amẹ́ríkà, irọ́ ló ń ba tiwọn jẹ́!

Ta ló máa wakọ̀ fún ọdún márùn-ún ní Houston tọ́lọ́pàá ò ní já tíkẹ́ẹ̀tì fún? Àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ẹ́ gbàwé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí fọ́ọ̀mù N-400 béèrè bóyá ọlọ́pàá ti mú wọn tàbí já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn rí, àwọn kan á kọ ‘rárá’. Wọ́n ní ṣebí àwọn ti sanwó ìtanràn. Wọ́n gbàgbé pé ọ̀gá tó máa fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò máa ní kí wọ́n búra kó tó tún bi wọ́n.

Bẹ́ẹ̀, eré tó ju tòfin lọ, tí ìtanràn ẹ̀ ò tó 500 dọ́là, tí ò sí ọtí, oògùn olóró tàbí àtìmọ́lé níbẹ̀, wọn ò ní kéèyàn kó ìwé ẹ̀ wá pàápàá. Irọ́ téèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa lẹ́yìn ìbúra ńkọ́? Òfin ò ní ka onítọ̀hún sí oníwà rere, wọ́n á kọ̀ ọ́, owó fọ́ọ̀mù tó lé ní 700 dọ́là náà á sì wọgbó.