Ọjá Ìkookò, Ewéko tí Òùngbẹ Kì í Pa

Ní Houinmè, nílùú Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, pálọ̀ tí oòrùn kì í wọ̀ dáadáa pọ̀. Ògiri ilé kejì ti dí fèrèsé, kọ́tìnì sì bo èyí tó kù. Ewéko tó bá máa gbé irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fara da ìbòòji, kó sì lè fara da ọyẹ́ nígbà tó bá dé lópin ọdún. Ọjá ìkookò ló lè ṣe méjèèjì.

Kò ní igi, kò ní ẹ̀ka. Inú ilẹ̀ ni ewé rẹ̀ ti ń yọ wá tààrà, tó nà ró ṣánṣán bí idà. Ewé náà nípọn, ó sì tutù lọ́wọ́. Àwọ̀ ewé tó ṣú ló ní, àwọn ìlà tó ràn díẹ̀ sì dábùú rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó. Irú kan wà tí etí rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí iyeyè.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òdòdó òyìnbó ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò ni ilẹ̀ ìbí rẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ ń hù nínú igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn àgbà sì máa ń bó fọ́nrán ara ewé wọn fi lọ́ okùn. Sansevieria ni àwọn onímọ̀ ń pè é tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó kó o mọ́ àwọn Dracaena lọ́dún 2017. Ní Brazil, níbi tí àwọn baba ńlá àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ti padà wálé, idà Ògún ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gbìn ín sẹ́nu ọ̀nà láti fi ṣọ́ ilé.

Ọ̀nà tó ń gbà mí ló jẹ́ kó lè fara da ọ̀dá. Ojú ọ̀sán ni ewéko púpọ̀ ń ṣí ihò tín-ín-tìn-ìn-tín ara ewé wọn, omi inú wọn á sì máa bá ooru lọ. Ní ti ọjá ìkookò, alẹ́ ló ń ṣí tirẹ̀. Á fa afẹ́fẹ́ sínú, á fi pamọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, á sì fi í ṣe oúnjẹ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dé.

Nítorí náà, omi àpọ̀jù ló ń pa á. Kí ẹ tó bu omi sí i, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ ìkòkò rẹ̀. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Ilẹ̀ pupa Àjàṣẹ́ máa ń di omi mú, ẹ po yanrìn mọ́ ọn, kí ìdí ìkòkò sì ní ihò. Lásìkò òjò, ẹ gbé e kúrò lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bí ìdí ewé bá ti rọ̀ tó sì ń rùn, ẹ hú u, ẹ gé ibi tó jẹrà kúrò, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ kí ẹ tó tún un gbìn. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nu eruku ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e síta, díẹ̀díẹ̀ ni; bó bá ti inú ìbòòji bọ́ sínú oòrùn gangan, ewé rẹ̀ á jó.

Ẹni tó fẹ́ pín in fún aládùúgbò lè gé ewé rẹ̀ gbìn, ṣùgbọ́n etí pípọ́n náà kò ní bá a hù. Kí ó má baà sọnù, gbòǹgbò ni kí ẹ pín.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé tàbí ẹran ọ̀sìn jẹ ẹ́, nítorí ó máa ń fa èébì. Yàtọ̀ sí èyí, kò ní wàhálà. Àṣejù ni baba àṣetẹ́: ẹ dín omi rẹ̀ kù, yóò sì bá yín pẹ́ nílé.