Bí Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn: Ọgbọ́n Tí Ilé Ìfọpo Ń Kọ́ Lára Ìjàm̀bá

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé òun dìde. Àgbà ń wo ohun tí ó gbé òun ṣubú, kí ó má baà tún gbé òun ṣubú lọ́la. N kò rí iṣẹ́ tí òwe yìí bá mu tó iṣẹ́ ìfọpo rọ̀bì. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ó kan agboolé wa ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹ́yẹrúnkà ju bí a ti rò lọ.

Kí ni ìfọpo? Bí a bá gbé epo rọ̀bì kaná, oríṣiríṣi epo tí ó wà nínú rẹ̀ yóò máa di oru. Bẹntiróòlù ń yára di oru ju kẹrosíìnì lọ, kẹrosíìnì sì ń yára ju dísẹ̀lì lọ. Inú òpó irin gíga ni wọ́n ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní Alésà-Élémè, lẹ́bàá Port Harcourt, ni a ti kọ́kọ́ dá irú ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1965. Ti Warri dé ní 1978, ti Kaduna ní 1980, ti Dangote ní Lẹ́kí sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024. Iná àti oru tí ó ń yára gbiná ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń bá gbé lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní ọdún 1966, ní ilé ìfọpo Feyzin, lẹ́bàá ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, òṣìṣẹ́ kan fẹ́ ṣí ìdí àgbá ńlá rìbìtì kan tí gáàsì wà nínú rẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ méjì ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí gáàsì ti ń tú jáde ni òtútù rẹ̀ ń di yìnyín, ẹnu ẹ̀rọ sì gan, kò ṣeé tì mọ́. Gáàsì náà rìn bí ìkuukùu dé ojú títì, ó sì gbiná. Nígbà tí àgbá náà bú gbàmù, ènìyàn 18 ni ó kú. Panápaná ni 11 nínú wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ yẹn nìkan ni gbogbo ayé nawọ́ ẹ̀bi sí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ béèrè pé: kí ló dé tí yìnyín fi lè mú ẹnu ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀? Wọ́n súnmọ́ra jù ni. Wọ́n wá ní kí àyè máa wà láàárín méjèèjì. Wọ́n ní kí ilẹ̀ abẹ́ àgbá dà gẹ̀rẹ́, kí ohun tí ó bá dà sílẹ̀ má baà rogún síbẹ̀. Wọ́n kọ́ panápaná pé àgbá tí iná ń jó gan-an ni kí wọ́n máa bomi sí, kì í ṣe àwọn tí ó yí i ká nìkan. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò dúró lórí pé kí òṣìṣẹ́ máa ṣọ́ra. Irin àti ilẹ̀ pàápàá ni wọ́n yí padà.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àgbà ń wo ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2005, ní ilé ìfọpo BP ní Texas City ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń gbé ẹ̀rọ kan dìde lẹ́yìn àtúnṣe. Epo kún inú òpó kọjá ààlà. Ohun tí ó yẹ kí ó fi ìwọ̀n epo hàn ń purọ́, agogo ìkìlọ̀ kejì kò sì dún. Epo tú jáde láti ẹnu òpó àtijọ́ kan tí ó là sójú sánmà, iná sì mú un. Ènìyàn 15 kú, 180 fara pa. Inú àti ẹ̀bá àwọn ilé alágbèéká tí wọ́n gbé sítòsí ni àwọn tí ó kú wà. Nígbà tí ìjọba tú ìdí ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé láàárín 1994 sí 2004, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni òpó yẹn ti ṣe irú rẹ̀ rí. Wọn kò di ariwo ńlá, nítorí náà wọn kò di ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2010 ni àjọ àwọn elépo Amẹ́ríkà ṣe ìlànà kan pé kí ilé ìfọpo máa ka ìjàm̀bá kéékèèké pẹ̀lú ńlá, nítorí kékeré ni ìránṣẹ́ tí ńlá ń rán ṣíwájú.

Àwa ọmọ Ìbàdàn mọ irú ìtàn yìí. Odò Ògùnpa ya wọlé ní 1963, ó tún ya wọlé ní 1978, kí omíyalé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 tó gbé ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí lọ.

Trevor Kletz, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní 2013, a máa sọ pé ilé iṣẹ́ kò ní iyè. Ènìyàn ló ní iyè, ènìyàn a sì máa kúrò níbi iṣẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi ń kọ ìjàm̀bá sílẹ̀, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè mọ̀ ọ́n.

Báwo ni èyí ṣe kàn wá? Ní agboolé tí mo dàgbà sí lẹ́yìn Bẹẹrẹ, ilé fara kan ilé, ọ̀nà àárín wọn kò sì gba ọkọ̀ panápaná. Kẹrosíìnì tí kò lábùlà kì í déédéé gbiná lójú ẹsẹ̀. Ó fẹ́ẹ́ gbóná tó ìwọ̀n 38 ti Celsius ó kéré tán kí oru rẹ̀ tó gba iná. Ti bẹntiróòlù ń gba iná nínú òtútù yìnyín pàápàá. Bí kẹ́ẹ̀gì tí ó gbé bẹntiróòlù lánàá bá gbé kẹrosíìnì lónìí láìṣàn án, ohun tí ilé ìfọpo fi òpó gíga yà sọ́tọ̀ ni a tún dà pọ̀ yẹn, sítóòfù ìyá wa sì lè di àdó olóró.

Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé àmúwá Ọlọ́run ni, tàbí pé ọ̀tá ló ṣe é. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀sìn. Ohun tí mo ń béèrè ni pé: inú kẹ́ẹ̀gì wo ni epo náà ti wá? Ǹjẹ́ iná sítóòfù ti ń fò sókè kí ọjọ́ náà tó pé? Ta ni a sọ fún? Kí baálé ilé kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ìpàdé àdúgbò gbọ́ ọ, kí á sì yí nǹkan kan padà: kí kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì ní àwọ̀ tirẹ̀, kí bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ má sùn sínú ilé tí ènìyàn ń sùn.

A ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Iná kọ́ ló bu ẹwà yẹn o; àwọn tí ó tún un kọ́, tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó jó o, ni.