Ìró tí ń Ta: Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Ètò Àfikún nínú Ohùn tí a Gbà Sílẹ̀ Nílé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ wàhálà kan tí ó ń bá àwa tí a ń gba ohùn àwọn apohùn àti àwọn onílù sílẹ̀, tí a sì ń tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà nílé. Wàhálà náà ni pé bí a bá ń gbọ́ ohun tí a gbà, ìró rẹ̀ a máa ta, àfi bí ìgbà tí gúgúrú bá ń ta nínú agbada. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé ohùn náà ti bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ pa ìjálá wákàtí méjì rẹ́ nítorí èyí, bẹ́ẹ̀ ọdẹ tí ó sun ìjálá náà ti re ibi àgbà ń rè. Èrò tèmi ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí àbùkù kankan lára ohùn tí a gbà. Ibi tí a ti ń gbọ́ ọ ni àbùkù wà.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ń pè ní ètò àfikún. Òun ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní plugin. Ètò kékeré ni, tí a máa ń so mọ́ ètò ìgbohùnsílẹ̀ ńlá bíi Cubase tàbí Reaper, kí ó lè bá wa dín ìró tí ó ga jù kù, kí ó mú ohùn ẹni tí ó kọrin nínú yàrá dún bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ńlá ni ó wà, tàbí kí ó bá wa yọ ariwo ẹ̀rọ amúnáwá kúrò lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Láti ọdún 1996 tí ilé-iṣẹ́ Steinberg ti ilẹ̀ Jámánì ti gbé ìlànà VST jáde ni irú àwọn ètò wọ̀nyí ti ń pọ̀ sí i, tí ẹnikẹ́ni sì lè kó ogún tàbí ọgbọ̀n wọn lé iṣẹ́ kan ṣoṣo lórí.

Ìró tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí ń ṣàn bí odò. Nọ́ńbà ni. Ní ìwọ̀n tí àwo CD ń lò, ìgbà 44,100 ni a ń wọn ìró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ̀ǹpútà kì í sì í fi àwọn nọ́ńbà náà ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan; igbá ni ó ń bù wọ́n sí. Bí ẹ̀rọ tí ń sọ ọ́ di ìró bá ti ń mu ti inú igbá kan, òmíràn gbọ́dọ̀ ti kún sílẹ̀. Igbá yìí ni wọ́n ń pè ní buffer. Igbá tí ó gba nọ́ńbà 128 kò lè gbé ìró tí ó tó ìdá 3 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Láàárín àkókò tí kò tó ìpajú yìí, gbogbo ètò àfikún gbọ́dọ̀ ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ tán. Bí wọ́n bá pẹ́, òfìfo ni igbá yóò dé, àlàfo yóò sì wà nínú ìró. Àlàfo yìí ni etí wa ń gbọ́ bí ohun tí ń ta. Ti ìlù dùndún tilẹ̀ burú jù, nítorí pé ṣaworo ìyáàlù lè bò ó mọ́lẹ̀, tí a kò ní mọ èyí tí í ṣe ti ìlù yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà.

Báwo ni a ṣe ń dá a mọ̀? Kí á pa gbogbo ètò àfikún, kí á tún gbọ́ ohùn náà ní òun nìkan. Bí a ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìjálá akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni ohùn ọdẹ náà já geere. Lẹ́yìn èyí, kí á dá àwọn ètò náà padà, kí á sì ní kí kọ̀ǹpútà kọ gbogbo iṣẹ́ náà sínú fáìlì kan. Níbẹ̀, kò sí ẹni tí ń dúró de igbá. Kọ̀ǹpútà lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe iṣẹ́ orin ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí fáìlì náà bá mọ́, ìpẹ́ ni ó fa títa. Bí ó bá ṣì ń ta, ó lè jẹ́ pé ìró ti ga ju ààlà lọ, tàbí pé ètò àfikún kan wà tí a kò tíì sanwó rẹ̀, nítorí àwọn kan nínú wọn a máa mọ̀ọ́mọ̀ pariwo.

Láti mọ èyí tí ó jẹ̀bi, kí á pa ìdajì wọn, kí á gbọ́; kí á tún pín apá tí ó kù sí méjì, títí ọwọ́ yóò fi tẹ ẹni tí à ń wá. Ẹ má jẹ́ kí iye iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà sọ pé òun ń ṣe tàn yín jẹ. Ó lè ní ìdá 30 nínú 100 péré ni, kí ìró sì máa ta. Ìdí ni pé àwọn ètò tí ó wà lójú ọ̀nà kan náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ara wọn. Èkejì kò lè bẹ̀rẹ̀ kí èkíní tó parí. Nítorí náà, apá kan ọpọlọ kọ̀ǹpútà lè máa mí gúlegúle nígbà tí àwọn yòókù jókòó. Àwọn ètò ti àtijọ́ mìíràn sì wà tí wọ́n ń ta nígbà tí ìró bá ń kú lọ, tí ó yẹ kí iṣẹ́ dín kù: àwọn nọ́ńbà tí ó kéré jọjọ a máa dá ọpọlọ kọ̀ǹpútà dúró ju àwọn ńlá lọ.

Ní ti àtúnṣe, igbá ńlá ni ó yẹ kí á lò nígbà tí a bá ń tún ohùn ṣe. Igbá 1,024 fún kọ̀ǹpútà ní nǹkan bí ìdá 23 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n bí onílù bá ń gbọ́ ara rẹ̀ nínú ohun tí a fi bo etí rẹ̀, irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ yóò da ọwọ́ rẹ̀ rú. Igbá kékeré ni ó yẹ nígbà náà. Àwọn tí ń lo igbá kan ṣoṣo fún iṣẹ́ méjèèjì ni mo rí i pé ó ń yọ lẹ́nu jù. A sì tún lè ní kí ètò ìgbohùnsílẹ̀ ṣe ìṣirò ojú ọ̀nà tí ó wúwo tán, kí ó fi èsì rẹ̀ pamọ́. Bí iná bá sì lọ, tí kọ̀ǹpútà àgbélétan bọ́ sórí bátìrì, ó lè dín ìyára ọpọlọ rẹ̀ kù láti fi iná pamọ́. Kí á wo ètò iná rẹ̀ kí á tó dá ètò àfikún lẹ́bi.

Ètò àfikún tí a so mọ́ ohùn lẹ́yìn tí a ti gbà á kì í fọwọ́ kan fáìlì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí igbá bá dàánù nígbà tí apohùn ń pe ohùn lọ́wọ́, inú fáìlì gan-an ni àlàfo yóò wọ̀. Nítorí èyí, n kì í so ètò àfikún kankan mọ́ iṣẹ́ nígbà ìgbohùn. Fáìlì tí ó jáde báyìí ni mo ń fi sí ibi ìpamọ́, kí n tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tí n ó máa tún ṣe.