Adìyẹ Mẹ́wàá Kò Tó Ṣe Ẹlẹ́rìí fún Ẹgbẹ̀rún Márùn-ún

Adìyẹ tó ní kòkòrò Salmonella nínú ìfun lè máa jẹun, kó máa sanra, láìsí àmì àìsàn kankan. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Ìdí nìyí tí a fi nílò àyẹ̀wò àti ìṣirò.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé adìyẹ tó ní adìyẹ 5,000, tí 250 nínú wọn ti kó kòkòrò náà. Bí a bá mú 10 péré, láì yan èyí tó wù wá, ká sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 100, ní nǹkan bí ìgbà 60 a kò ní bá kòkòrò kankan. Àgbẹ̀ á fọkàn balẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n bí a bá mú 60, kò ní bọ́ mọ́ wa lójú ju nǹkan bí ìgbà 5 lọ.

Ní Yúróòpù, wọ́n máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sórí bàtà rìn káàkiri ilé adìyẹ, kí wọ́n lè yẹ ìgbẹ́ ọ̀pọ̀ adìyẹ wò lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé adìyẹ òun mọ́, ẹ jẹ́ ká bi í pé: mélòó lẹ yẹ̀ wò? Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa se ẹran àti ẹyin jinná dáadáa.