Ṣé ẹ fẹ́ mòòkùn sínú òkun fún ìgbà àkọ́kọ́ lásìkò ìsinmi inú ọkọ̀ ojú omi? Ohun tó yẹ kí ẹ ṣètò sílẹ̀ rèé

Koumassi wà lára àwọn àdúgbò ńláńlá tó para pọ̀ di ìlú Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Orí erékùṣù Petit-Bassam ló wà, ọ̀sà Ébrié sì wà létí ibẹ̀. Tí èèyàn bá gba Port-Bouët kọjá, òkun Àtìláńtíìkì ló máa já sí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn tí ìdílé wọn wá láti Ejigbo ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló ti ń gbé Abidjan láti ìran dé ìran. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí omi, àmọ́ rírí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Fún ẹni tó bá ti ń tọ́jú owó fún ìsinmi inú ọkọ̀ ojú omi ńlá, irú èyí tó ń gbé àwọn arìnrìnàjò afẹ́ láti èbúté kan sí òmíràn, àǹfààní wà láti rí i. Ní ọ̀pọ̀ èbúté tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dúró sí, àwọn olùkọ́ wà tó ń mú ẹni tí kò mòòkùn rí wọ inú òkun, pẹ̀lú sìlíńdà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ní aago tirẹ̀, ara èèyàn náà sì ní aago tirẹ̀ nísàlẹ̀ omi. Etí, ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀jẹ̀ kì í yára nítorí pé ọkọ̀ fẹ́ ṣí.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ilé ló ti yẹ kí ọ̀pọ̀ ètò náà parí, kì í ṣe èbúté.

Ọ̀nà méjì ló wà fún ẹni tí kò mòòkùn rí

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí èèyàn kàn tọ́ ọ wò. Olùkọ́ á ṣàlàyé fún un, á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí nínú omi tí kò jìn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ wọ inú òkun. Kò nílò ìwé ẹ̀rí kankan, olùkọ́ kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nínú ètò PADI, ilé iṣẹ́ tó ń fún àwọn amòòkùn ní ìwé ẹ̀rí káàkiri àgbáyé láti ọdún 1966, irú ìmòòkùn yìí kò gbọ́dọ̀ kọjá mítà 12. Ọmọ ọdún 10 sókè ló sì lè ṣe é.

Àwọn tó ń sọ Faransé ní Abidjan á mọ̀ ọ́n sí "baptême". Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Faransé, mítà 6 péré ni irú èyí máa ń dé. Nítorí náà, ẹ béèrè irú èyí tí wọ́n ń ṣe níbi tí ẹ bá ń lọ.

Ọ̀nà kejì ni kí èèyàn kẹ́kọ̀ọ́ gba ìwé ẹ̀rí, èyí tó máa fún un láyè láti dé mítà 18. Ẹ̀kọ́ náà pín sí mẹ́ta: ìwé kíkà, ìdánrawò nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ tàbí omi tó dákẹ́, àti ìmòòkùn mẹ́rin nínú òkun tàbí omi gbalasa.

Akẹ́kọ̀ọ́ tún gbọ́dọ̀ lè lúwẹ̀ẹ́ fún 200 mítà láì dúró, kó sì lè léfòó fún ìṣẹ́jú 10.

Ìmòòkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò lè parí ní ọjọ́ kan, torí pé PADI kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ju mẹ́ta lọ lóòjọ́. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yóò nílò ó kéré tán èbúté méjì.

Ohun tó rọrùn jù ni kí èèyàn parí ìwé kíkà àti ìdánrawò kó tó kúrò nílé, kí olùkọ́ rẹ̀ sì fún un ní ìwé tó máa mú lọ bá olùkọ́ mìíràn. Oṣù 12 ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́.

Kí ló dé tí kì í ṣe ọ̀sà Ébrié ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹlòmíràn lè rò pé níwọ̀n ìgbà tí omi wà létí ilé, kí òun kúkú bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Omi ọ̀sà Ébrié kò mọ́ gaara, ìdọ̀tí ilé àti ti ilé iṣẹ́ sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ìmòòkùn gbọ́dọ̀ lè rí olùkọ́ rẹ̀, kí olùkọ́ náà sì lè rí i.

Ìhà òkun náà ní ewu tirẹ̀. Ìgbì tó ń fọ́ létí òkun láti Port-Bouët dé Grand-Bassam le gan-an. Kí wọ́n tó ṣí ìkànnì omi Vridi lọ́dún 1950, ọkọ̀ ńlá kò lè wọ inú ọ̀sà. Orí afárá gígùn tó wọ inú òkun ní Port-Bouët ni wọ́n ti ń já ẹrù.

Nítorí náà, odò ìlúwẹ̀ẹ́ ló yẹ kí ará Koumassi ti kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tí ẹ̀rù omi ṣì ń bà níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kan ilẹ̀ kò ní fara balẹ̀ ní mítà 10.

Èbúté wo ló dára fún olùbẹ̀rẹ̀?

Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, erékùṣù Cape Verde ló gbajúmọ̀ jù fún èyí. Mindelo, ní São Vicente, wà lára ibi tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ti ń dúró, bẹ́ẹ̀ sì ni erékùṣù Sal jẹ́ ibi tí àwọn amòòkùn fẹ́ràn.

Wọ́n ń mòòkùn ní Dakar pẹ̀lú, lágbègbè Ngor àti Gorée. Àmọ́ omi ibẹ̀ máa ń tutù láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin, nítorí náà aṣọ ìmòòkùn tó nípọn ló yẹ kí èèyàn béèrè.

Ní Lanzarote, lára àwọn erékùṣù Canary ti ilẹ̀ Spain, ère èèyàn tó lé ní 200 ló wà nísàlẹ̀ òkun, níbi tí wọ́n ń pè ní Museo Atlántico. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ibẹ̀ jìn tó mítà 12 sí 15. Olùbẹ̀rẹ̀ tí kò ní ìwé ẹ̀rí kò gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n mú òun débẹ̀ tán nítorí ère.

Fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà tó ń wọ ọkọ̀ láti Miami, Carlisle Bay ní Barbados ní àwọn ọkọ̀ tó ti rì síbi tí omi kò jìn púpọ̀. Cozumel, ní Mexico, náà lókìkí, àmọ́ omi ibẹ̀ máa ń wọ́ èèyàn lọ. Ẹ béèrè ibi tó dákẹ́.

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ físà. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà láyè láti wọ Senegal àti Cape Verde láì gba físà, fún 90 ọjọ́. Spain kò sí nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Spain, tó lọ sí Áfíríkà, tó tún padà sí Spain, físà tó gbà yín láyè láti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ nílò.

Fọ́ọ̀mù ìlera kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi iwọ́ jù sílẹ̀

Kí olùkọ́ tó mú ẹnikẹ́ni wọ inú omi, yóò fún un ní fọ́ọ̀mù tó ń béèrè nípa ikọ́ fée, àrùn ọkàn, wárápá, ìtọ̀ ṣúgà, iṣẹ́ abẹ, oyún àti oògùn tó ń lò.

Tí ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè kan bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni", dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó lè mòòkùn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ọjọ́ wọn: wọ́n dé èbúté, wọ́n rí fọ́ọ̀mù, kò sì sí dókítà nítòsí.

Àwọn kan á wá kọ "rárá" síbi tó yẹ kí wọ́n kọ "bẹ́ẹ̀ ni". Ewu ńlá nìyẹn. Ẹni tí ikọ́ fée bá gbé nísàlẹ̀ omi kò lè sáré jáde bí ẹni tó wà nínú yàrá.

Ẹni tó ní àrùn sickle cell kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe láì rí dókítà tó mọ̀ nípa ìmòòkùn. Aboyún kò gbọ́dọ̀ mòòkùn rárá.

Ẹ gba fọ́ọ̀mù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ mú un lọ bá dókítà yín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìrìnàjò.

Ta ló yẹ kí ẹ sanwó fún: ọkọ̀ ni àbí olùkọ́ tó wà ní èbúté?

Èyí tí ọkọ̀ bá ṣètò máa ń wọ́n díẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ kékeré tó gbé yín lọ bá pẹ́, ọkọ̀ ńlá sábà máa ń dúró dè yín.

Tí ẹ bá bá olùkọ́ ṣètò fúnra yín, owó lè dín kù, èèyàn sì lè má pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá pẹ́, ọkọ̀ á lọ, owó bàálù dé èbúté tó kàn sì di ti yín.

Ẹ fi ọwọ́ ka wákàtí rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, tí yóò sì ṣí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó lè di aago mẹ́sàn-án kí èrò tó jáde, ó sì sábà máa ń jẹ́ dandan kí gbogbo wọn ti padà ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú kí ọkọ̀ tó ṣí. Ìmòòkùn àárọ̀ kan ló bá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mu.

Nígbà mìíràn, aago inú ọkọ̀ kì í bá ti ìlú mu. Aago ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ara nísàlẹ̀ omi?

Ní mítà 10, agbára tó ń tẹ ara di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó kún ẹ̀dọ̀fóró níbẹ̀ yóò fẹ̀ di ìlọ́po méjì tó bá gòkè. Ìdí nìyí tí òfin àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé èèyàn kò gbọ́dọ̀ sé èémí rárá. Ẹni tó bá sé e, tó sì sáré gòkè, lè ba ẹ̀dọ̀fóró ara rẹ̀ jẹ́.

Etí náà ń mọ̀ ọ́n lára. Bí èèyàn ṣe ń lọ sísàlẹ̀, yóò máa di imú mú, yóò sì máa fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́. Bí etí bá ń dunni, a kì í tẹ̀ síwájú. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe lọ́jọ́ náà, kó sún un síwájú.

Ohun kẹta ni náítírójìn, tó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ nísàlẹ̀ omi. Tí èèyàn bá yára gòkè, yóò hó bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ìyẹn lè fa ìrora oríkèé, arọ tàbí ikú. Ìdí nìyí tí àwọn amòòkùn fi ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5 kí wọ́n tó jáde.

Bàálù náà lè fa irú rẹ̀. Àjọ Divers Alert Network gbani nímọ̀ràn pé kí ẹni tó mòòkùn ẹ̀ẹ̀kan dúró fún ó kéré tán wákàtí 12 kó tó wọ bàálù, kí ẹni tó ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ dúró fún wákàtí 18. Nítorí náà, ẹ má fi í sí ọjọ́ tó kẹ́yìn ìrìnàjò.

Òkè gíga náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mòòkùn láàárọ̀ ní Tenerife kò gbọ́dọ̀ gun òkè Teide, tó ga ní mítà 3,715, lọ́sàn-án.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi olùkọ́ kí ẹ tó sanwó

• Irú ìwé ẹ̀rí wo lẹ ní, ṣé mo lè rí i?
• Èèyàn mélòó ni olùkọ́ kan máa mú wọ inú omi?
• Mítà mélòó la máa dé?
• Ibo ni ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú amòòkùn wà?
• Ṣé ẹ máa dá owó padà bí òkun bá ru tàbí bí ọkọ̀ kò bá gúnlẹ̀?

Ẹ tún ka ìwé ìdójútòfò ìrìnàjò yín. Àwọn kan yọ ìmòòkùn kúrò, àwọn mìíràn sì fi òdiwọ̀n mítà sí i. Bákan náà, ẹ má mu ọtí lóru tó ṣáájú.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òmùwẹ̀ ní ń bódò lọ. Bí olùkọ́ bá wo òkun, tó ní kò ṣeé wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ gbà fún un. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni ọkàn yín kò balẹ̀, ẹ lè ní kí wọ́n dá yín padà, kódà bí ẹ bá ti wọ aṣọ tán. Owó tí wọn kò bá dá padà kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ fi ara wéwu.