Ẹ Tọ́jú Síǹkì Gíráníìtì Yín, Kí Àrùn Má Bàa Gba Ibẹ̀ Wọlé

Ọ̀rọ̀ tí a ó yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí ni ti síǹkì gíráníìtì, tí ó ti di ohun àmúyangàn nínú àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Òkè-Afá àti Ìsọlọ̀ wa níhìn-ín. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ síǹkì?" Ó kàn án gidigidi. Ibi tí a ti ń ṣan ẹja, tí a ti ń fọ abọ́ ọmọ, tí a sì ti ń bu omi sínú ìkòkò ọbẹ̀, ibẹ̀ ni àrùn lè gbà dé inú gbogbo ará ilé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí síǹkì yìí jẹ́. Akọ òkúta ni gíráníìtì. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tí àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ààbò ní nǹkan bí ọdún 1830. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ síǹkì tí wọ́n ń tà lọ́jà ní orúkọ gíráníìtì kì í ṣe odindi òkúta tí a gbẹ́. Òkúta tí a lọ̀ kúnná ni, tí a pò mọ́ oje oníke, tí a sì rọ. Nínú ìdá 10, nǹkan bí ìdá 8 ni òkúta, oje ni ìyókù. Ilé-iṣẹ́ Schock ní orílẹ̀-èdè Jámánì ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1979. Òkúta inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó tètè ha. Oje inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó mu omi. Ṣùgbọ́n oje yìí kan náà ni kò fẹ́ ooru àpọ̀jù àti oògùn líle.

Òjò ni ń fọ Olúmọ, oòrùn ni ń sá a gbẹ. Síǹkì inú ilé kò rí òjò, kò sì rí oòrùn. Ọwọ́ yín ni yóò ṣe méjèèjì fún un.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò le. Bí ẹ bá fọ abọ́ tán lálẹ́, ẹ kó àjẹkù oúnjẹ tí ó wà lẹ́nu ihò síǹkì kúrò, kí ẹ dà á sínú garawa ìdọ̀tí tí ó ní ìdérí. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ àti kànìnkànìn rírọ̀ fọ ìsàlẹ̀ síǹkì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnu ihò rẹ̀ àti orí ẹ̀rọ omi. Ẹ ṣàn án dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Nínù yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ni kì í jẹ́ kí àmì omi dúró lára síǹkì, òun náà ni kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn rí ibi bí sí. Níbi tí ọ̀rinrin àti àjẹkù bá wà, aáyán yóò wá jẹun lóru. Ìdọ̀tí ara aáyán a máa ru ikọ́ fée sókè lára ọmọdé. Eku náà yóò wá. Ibà Lásà, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lásà ní Bọ̀rnó ní ọdún 1969, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni ó sábà máa ń bá dé ara ènìyàn.

Ẹ má ṣe gbàgbé kànìnkànìn fúnra rẹ̀. Bí ó bá sùn sínú omi síǹkì mọ́jú, kòkòrò àrùn ni ẹ ó máa fi pa abọ́ ní òwúrọ̀. Ẹ fún un gbẹ, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ọ̀rọ̀ adìẹ tútù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ni ó máa ń ṣí ẹ̀rọ omi lé e lórí nínú síǹkì. Omi tí ó ń ta pàrà yẹn a máa gbé kòkòrò àrùn, irú bíi Salmonella, lọ sórí abọ́ àti ewébẹ̀ tí ó wà nítòsí. Ẹ ṣan ẹran nínú abọ́ jíjìn, jẹ́jẹ́, jìnnà sí àwo tí ẹ ti fọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọ síǹkì, kí ẹ wá bu ṣíbí kékeré kan omi bílíìṣì sínú lítà omi 1, kí ẹ fi pa síǹkì, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ sì ṣàn án kúrò. Ọṣẹ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí bílíìṣì kì í lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa níbi tí ọ̀rá bá wà. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní Èkó, ó sì mú ẹ̀mí lọ.

Nípa ti àbàwọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí yanrìn, eérú àti kànìnkànìn onírin jìnnà sí síǹkì yìí. Wọn yóò ba dídán rẹ̀ jẹ́, ojú ibi tí wọ́n bá sì ha ni ìdọ̀tí yóò máa sá pamọ́ sí. Bí epo pupa tàbí tíì bá fi àmì sílẹ̀, ẹ fi omi díẹ̀ po báákìn sódà tí àwọn oníkéèkì ń lò, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ pa á níbẹ̀. Omi bọ́hòòlù ní ọ̀pọ̀ ibi nínú Èkó ní irin nínú, ìdí nìyẹn tí síǹkì fi ń ní àwọ̀ bíi ti ìpẹtà. Ẹ po fínígà pọ̀ mọ́ omi ní ìdọ́gba, ẹ fi sí i fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì ṣàn án. Ṣùgbọ́n pẹpẹ gíráníìtì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, tí ó sábà máa ń jẹ́ odindi òkúta, kò fẹ́ fínígà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ rárá. Ọṣẹ rírọ̀ àti omi ti tó o.

Ẹ má sì gbé ìkòkò láti orí iná tààrà sínú síǹkì. Ìkòkò tí yóò jẹ ata ni ìdí rẹ̀ ń gbóná, kì í ṣe síǹkì. Bí ẹ bá fẹ́ sẹ́ omi ìrẹsì, ẹ ṣí omi tútù sí i. Òróró tí a fi dín àkàrà, ẹ má dà á sí ihò síǹkì. Yóò dì mọ́ inú páìpù, omi kò sì ní lè kọjá mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ fi ọkàn sí ohun tí ó wù mí jù láti sọ. Ohun tí àwọn kan fi ń wá dídán síǹkì léwu ju ìdọ̀tí síǹkì lọ. Ẹ má ṣe po bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí oògùn ìfọ-ṣáláńgá láéláé. Èéfín olóró ni yóò jáde níbẹ̀. Yóò ta ojú, yóò sì ta ọ̀fun. Ènìyàn yóò máa wúkọ́, èémí rẹ̀ yóò sì máa há. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ jáde kúrò nínú ilé ìdáná kíá, kí ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Bí ikọ́ tàbí èémí híhá kò bá dáwọ́ dúró, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́síìkì sódà tí àwọn kan ń dà sí páìpù tí ó dí. Wọn a rọ ọ́ sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò, wọn a sì gbé e sí abẹ́ síǹkì. Ọmọdé kò mọ̀ pé májèlé ni. A ti gbé ọmọ ọdún 3 kan wá bá wa rí tí ó gbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ mu. Ètè rẹ̀ ti bó, wọ́n sì ti fi epo pupa rọ ọ́ kí wọ́n tó gbé e dé. Epo kì í pa agbára kọ́síìkì. Ó lè mú ọmọ bì, èébì náà yóò sì tún jó o lọ́fun lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ tí ó bá yè é lè máà lè gbé ẹ̀bà mì mọ́, nítorí ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ ti há. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi omi ṣan ẹnu ọmọ, ẹ má fi ipá mú un bì, ẹ má rọ ọ́ ní epo tàbí àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí i.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn abẹ́ síǹkì yín wò. Ohunkóhun tí kì í ṣe inú ìgò tirẹ̀ ni ó wà, ẹ kó o kúrò. Ohun líle gbogbo, ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì tì í. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá nu síǹkì yín gbẹ.