Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà yín, irú rẹ̀ sì wà nínú òkun

Bí ẹ bá fa ẹ̀wà tu nínú oko ní agbègbè Atakpamé, ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí àwọn kókó kéékèèké lára rẹ̀. Kì í ṣe àrùn o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ajílẹ̀.

Bakitéríà, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí, ló ń gbé inú kókó náà. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà 100, bíi 78 nínú rẹ̀ ni náítírójìn. Òun ló ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n irúgbìn kò lè dá a mú láti inú afẹ́fẹ́. Bakitéríà ló ń bá ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà mú un. Àwọn náà sì ń fún un ní oúnjẹ.

Àgbàdo àti òwú kò ní irú kókó yìí. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń ra yúríà, tí ilé iṣẹ́ ńlá ń fi gáàsì ṣe. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine gbóná ní 2022, owó ajílẹ̀ fò sókè káàkiri àgbáyé.

Ti òkun ńkọ́?

Òkun náà ní oko tirẹ̀. Àwọn ewéko tín-ín-tín wà nínú rẹ̀ tí ẹja kéékèèké ń jẹ, àwọn náà sì nílò náítírójìn. Bakitéríà inú omi wà lára àwọn tó ń pèsè rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí Jonathan Zehr ti yunifásítì California ní Santa Cruz wà lára wọn, kéde pé ọ̀kan nínú bakitéríà òkun wọ̀nyí ti di ẹ̀yà ara ewéko tó ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n pè é ní nitroplast.

Èyí ló mú kí àwọn kan máa ronú pé bóyá àgbàdo náà lè ní irú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ náà ṣì jìnnà.

Kí lẹ lè ṣe báyìí?

Ẹ la kókó ẹ̀wà kan sí méjì kó tó gbó. Bí inú rẹ̀ bá pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má da yúríà púpọ̀ sí ẹ̀wà, nítorí kókó náà á ya ọ̀lẹ.

Bí ẹ bá kórè tán, ẹ gé igi ẹ̀wà, ẹ fi gbòǹgbò àti ewé sílẹ̀ nínú oko, kí ẹ sì gbin àgbàdo síbẹ̀ ní àkókò tó tẹ̀lé e. Kò ní rọ́pò gbogbo ajílẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú náítírójìn náà ń bá èso ẹ̀wà lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó kù nínú ilẹ̀, ẹ kò fi owó rà á.